Ìwẹ̀ Tí A Kì Í Fi Omi Wẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrìn Ìsinmi Nínú Igbó

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí irú ìwẹ̀ kan tí a kì í fi omi wẹ̀. Inú igbó ni a ti ń wẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè béèrè ibi tí odò wà nínú igbó náà, ó sì lè fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun mú ọṣẹ àti kànrìnkàn lọ́wọ́. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ìwẹ̀ igbó ni pé kí ènìyàn wọ inú igbó lọ ní ẹ̀sọ̀, láì gbé àdá, láì gbé ìbọn, láì wá igi ìdáná, kí ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn, òórùn ewé, ohùn ẹyẹ àti ibòòji igi ṣe iṣẹ́ wọn lára òun. Àwọn arìnrìn-àjò ń ná owó wọn nítorí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé lónìí. Ó yẹ kí àwa náà mọ ohun tí ó jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ igbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa.

Ilẹ̀ Japan ni orúkọ náà ti wá. Ní ọdún 1982, Tomohide Akiyama, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó igbó ní ilẹ̀ náà, ni ó fi orúkọ yìí lélẹ̀. Shinrin-yoku ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn: shinrin ni igbó, yoku sì ni ìwẹ̀. Igbó Akasawa ní agbègbè Nagano, níbi tí àwọn igi tí ọjọ́ orí wọn ti ju 300 ọdún lọ wà, ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun méjì ni ìjọba wọn ní lọ́kàn. Èkíní, àwọn ènìyàn ti fi oko sílẹ̀, wọ́n ti fún ara wọn mọ́ inú ìlú ńláńlá, iṣẹ́ àṣekúdórógbó sì ti ń sọ ara wọn di aláìlera. Èkejì, ẹni tí ó bá mọ adùn igbó kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́. Nítorí náà, bí igbó ti ń tọ́jú ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn yóò máa tọ́jú igbó.

Báyìí ni a ti ń ṣe é. Àwọn arìnrìn-àjò tí wọn kò pọ̀ jù á pàdé amọ̀nà ní ẹnu ọ̀nà igbó. Amọ̀nà yìí kì í ṣe oníṣègùn, kì í sì í ṣe olùkọ́ tí yóò máa ka orúkọ igi sí wọn létí láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ìrìn wọn rọlẹ̀. Yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n pa tẹlifóònù wọn, kí wọ́n sì dúró jẹ́ẹ́ títí èémí wọn yóò fi balẹ̀. Lẹ́yìn èyí, yóò ní kí wọ́n fetí sílẹ̀, kí olúkúlùkù wọn ka iye ohùn tí ó gbọ́: ti ẹyẹ, ti ewé, ti kòkòrò, ti omi. Wọn yóò rìn díẹ̀, wọn yóò sì tún dúró. Yóò ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan èèpo igi, kí wọ́n mú ewé kan tí ó ti já bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n rún un, kí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó lè ní kí olúkúlùkù yan igi kan, kí ó jókòó sí ìdí rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láì sọ̀rọ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, wọn á jókòó yí ara wọn ká, wọn á mu tíì, ẹni tí ó bá sì ní ohun tí ó fẹ́ sọ á sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ lè gba wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, síbẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n rìn lè má pé máìlì kan. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ọdún 2012, ará Amẹ́ríkà kan, Amos Clifford, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń kọ́ àwọn amọ̀nà ní iṣẹ́ yìí.

Ẹlòmíràn lè sọ pé eré ọmọdé ni èyí, pé ta ni kò mọ bí a ti ń rìn nínú igbó. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1984, Roger Ulrich kọ nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn 23 wà ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi. Àwọn 23 mìíràn wà ní yàrá tí fèrèsé tirẹ̀ kọjú sí ògiri bíríkì. Iṣẹ́ abẹ kan náà ni a ṣe fún gbogbo wọn. Àwọn tí ń rí igi ni ó kọ́kọ́ kúrò ní ilé ìwòsàn, wọn kò sì lo oògùn apàrora líle tó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ẹ rántí pé àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan igbó. Ojú lásán ni wọ́n fi wò ó.

Ní Japan, Qing Li, tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé oníṣègùn ní Tokyo, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọkùnrin 12 láti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lọ sí inú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó lọ, wọ́n sì tún yẹ ẹ́ wò nígbà tí wọ́n wà lọ́hùn-ún. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, wọ́n sọ pé agbára àwọn ẹ̀ṣọ́ kan nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí ń bá àrùn jà, ti pọ̀ sí i. Wọ́n rò pé òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń ti ara igi jáde sínú atẹ́gùn, èyí tí ó fún igbó ní òórùn rẹ̀, wà lára ohun tí ó fà á. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí mìíràn kọ nípa igbó 24 ní ilẹ̀ náà. Wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin, wọ́n pín wọn sí méjì: apá kan lọ sí igbó, apá kejì lọ sí ìgboro, ní ọjọ́ kejì wọ́n pààrọ̀ ibi. Ìgbà tí wọ́n wà nínú igbó ni ọkàn wọn ń lù ní ìwọ̀n, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀. Ní ọdún 2019 ẹ̀wẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tí iye wọn tó 20,000. Àwọn tí ń lo wákàtí méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀ níbi tí igi àti koríko wà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó sọ pé ara àwọn le, tí ọkàn àwọn sì balẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, a kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà ju bí ó ti mọ lọ. Ọkùnrin 12 kò pọ̀ tó láti fi dá gbogbo ayé lẹ́jọ́. Igbó tútù ti ilẹ̀ Japan ni a sì ti ṣe ìwádìí tiwọn, kì í ṣe igbó àbàtà tiwa tí ooru àti ẹ̀fọn wà nínú rẹ̀. Ìwẹ̀ igbó kì í wo ibà, kì í sì í gba ipò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn, kí ó máa lo oògùn rẹ̀. Ìsinmi ni igbó ń fúnni, ìsinmi sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà yìí kò ní.

Àwọn baba wa mọ igbó dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í wọ̀ ọ́ láìnídìí. Ọdẹ ń wọ̀ ọ́ nítorí ẹran, oníṣègùn ń wọ̀ ọ́ nítorí ewé àti egbò, àgbẹ̀ ń wọ̀ ọ́ láti ṣán an di oko. Ìbẹ̀rù rẹ̀ tún wà lára wa. Ìwé tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, fi hàn bí igbó ti rí lójú àwọn baba wa: ibi tí akọni ń lọ, tí ojo kò gbọdọ̀ dé. Síbẹ̀, bí a bá wo ọdẹ dáadáa, a ó rí i pé ó mọ ohun tí àwọn ará Japan ń kọ́ni. Ọdẹ mọ bí a ti ń gbé ẹsẹ̀ láì fọ́ igi gbígbẹ. Ó mọ bí a ti ń dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó mọ ìgbà tí ẹyẹ ń ké nítorí oúnjẹ, ó mọ ìgbà tí ó ń ké nítorí ejò. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ìwẹ̀ igbó ni pé ẹni tí ó wọlé kò fẹ́ mú ohunkóhun jáde.

Ní ilẹ̀ tiwa, ibi tí ènìyàn ti lè gbìyànjú rẹ̀ kò jìnnà. Victoria Garden City, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní VGC, jẹ́ ẹ́sítéètì olódi lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, kí ènìyàn tó dé Ajah bí ó bá ń ti Èkó bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé agbègbè náà ni ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, tí wọn kì í sì í padà dé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlejò tí ń bọ̀ láti òkè òkun ń dé sí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti fèrè ọkọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Bí ènìyàn bá kúrò ní VGC tí ó sì kọjú sí Èkó, kò ní pẹ́ dé ọ̀ọ́kán ilé iṣẹ́ epo Chevron. Níbẹ̀ ni igbó kan wà tí odi àti ẹnu ọ̀nà yí i ká, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Lekki Conservation Centre.

Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation ni ó ni iṣẹ́ ibẹ̀. Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, tí a bí ní ọdún 1911 tí ó sì papò dà ní ọdún 2002, ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1980. Ní ọdún 1990 ni a dá ibùdó ti Lẹ́kí sílẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 78, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba éékà. Nínú rẹ̀ ni igbó àbàtà wà, tí igi ògùrọ̀ àti ọ̀pẹ ń hù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dàn koríko wà pẹ̀lú. Nítorí omi, pákó ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà gba orí àbàtà kọjá, kí ẹsẹ̀ àlejò má baà rì. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, ọ̀nì wà níbẹ̀, awọ́nrínwọ́n wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹtu, ìgalà, ọ̀kẹ́rẹ́ àti onírúurú ẹyẹ.

Ohun tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àlejò ń wá ni afárá okùn tí a ta sí òkè láàárín àwọn igi, tí a ṣí ní ọdún 2015. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401; ó gùn ju ti Kakum ní ilẹ̀ Ghana lọ, èyí tí a ṣe ní ọdún 1995 tí ó jẹ́ mítà 350. Afárá náà ń mì bí ènìyàn ti ń rìn lórí rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo, wọ́n ń ya àwòrán, wọ́n sì ń gbádùn ara wọn. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwẹ̀ igbó kọ́ nìyẹn. Àyà tí ń já kò lè sinmi. Ẹni tí ó bá fẹ́ wẹ̀, ọ̀nà pákó ni kí ó gbà, ní òwúrọ̀, ní kété tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn, kí èrò tó pọ̀ àti kí oòrùn tó mú. Kí ó wọ aṣọ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. Kí ó mú omi mímu lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ó má gbé oúnjẹ káàkiri, nítorí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ mọ ọ̀rá oúnjẹ láti òkèèrè, wọ́n sì lè já a gbà. Kí ó má fún wọn ní oúnjẹ rárá: ọ̀bọ tí ènìyàn bá ń bọ́ yóò gbàgbé oúnjẹ igbó, yóò sì di olè. Kí ó má sì fi ọwọ́ kan ewé tí kò mọ̀. Ẹni tí èsìsì tàbí wèrèpè ti bá jà rí mọ ìdí rẹ̀, ìdí náà sì nìyí tí amọ̀nà fi ṣe pàtàkì.

Nísinsìnyí, ohun kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju ìsinmi àlejò lọ. Kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà igbó yìí ni abúlé kan wà tí à ń pè ní Igbó Ẹfọ̀n. Orúkọ náà tó ẹ̀rí pé igbó ni ibẹ̀ rí. Lónìí ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni ó kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀ láti Lẹ́kí títí dé Ajah ni ó jẹ́ àbàtà tẹ́lẹ̀, tí a fi yanrìn dí. Ilé dára, ènìyàn gbọdọ̀ ní ibi tí yóò máa gbé. Ṣùgbọ́n àbàtà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Nígbà tí òjò bá rọ̀, àbàtà ni ó ń gba omi, tí ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń tú u sí ọ̀sà ní ẹ̀sọ̀. Bí a bá dí i, omi kò ní dẹ́kun àti máa bọ̀. Yóò wá ibòmíràn lọ, ibòmíràn náà sì ni pálọ̀ àti yàrá àwọn ènìyàn. Àwọn tí ń gbé ẹ̀bá òkun àti ọ̀sà ní Èkó mọ èyí nígbà òjò. Nítorí náà, igbó hẹ́kítà 78 tí ó kù láàárín àwọn ilé yìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ó jẹ́ ẹ̀rí ohun tí ilẹ̀ náà jẹ́, ó sì jẹ́ ẹ̀rí pé a lè dá a sí bí a bá fẹ́.

Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìlú ńlá ni ó yí i ká, síbẹ̀ igbó náà ṣì dúró. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 75. Òfin àwọn àgbà ni pé a kò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ pẹja, a kò gbọdọ̀ gé igi. Ìgbà kan wà tí òfin náà fẹ́ rọ, tí àwọn ènìyàn ń wọlé gé igi. Àwọn olùṣọ́ igbó náà àti Susanne Wenger, ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní, ẹni tí ó kú ní Òṣogbo ní ọdún 2009, jọ dìde láti dá a dúró. Ní ọdún 1965 ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2005 àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọdọ̀ tọ́jú. Àwọn àlejò ń ti ilẹ̀ jíjìn wá síbẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ó bá jẹ́ pé a ti gé e tà ní pákó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni à bá pa owó náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé abúlé, ọ̀rọ̀ yín ni èyí. Kò sí àní-àní pé àwọn abúlé kan ṣì ní igbó tí àwọn baba ńlá dá sí: igbó etí odò, igbó ìdí orísun omi, tàbí ẹgàn tí kò tíì rí àdá. Ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ yóò dé pẹ̀lú owó lọ́wọ́, yóò sì sọ pé igbó lásán ni, pé kò wúlò fún ohunkóhun. Kí ẹ tó dá a lóhùn, ẹ ronú. Abúlé tí ó bá ní irú igbó bẹ́ẹ̀ lè la ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sínú rẹ̀, ọ̀nà tóóró tí kò pa igi ńlá kankan. Ó lè fi ọdẹ àgbà tàbí ìyá tí ń ta àgbo ṣe olùkọ́ fún ọ̀dọ́ tí ó kàwé díẹ̀, kí ọ̀dọ́ náà di amọ̀nà. Ó lè ṣe òfin tí gbogbo ènìyàn mọ̀: iye àlejò tí yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan, ibi tí wọn kò gbọdọ̀ dé nítorí orò, ibi tí ìdọ̀tí yóò wà, àti ọ̀nà tí a ó gbà pín owó ìwọlé kí ó má baà di ti ẹnì kan. Kò pọn dandan kí a sọ ohun mímọ́ di ohun eré. Ibi tí àgbà bá ní kí a má wọ̀, kí a má wọ̀ ọ́.

Bí àlejò kò bá sì tíì mọ ọ̀nà abúlé yín, igbó náà ṣì jẹ́ tiyín. Ìyá tí ọjà ti dá lágara, olùkọ́ tí ariwo ọmọdé ti kún létí, àgbẹ̀ tí gbèsè kò jẹ́ kí ó sùn, kí wọ́n lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má ṣe ohunkóhun. Wọn kò ní san kọ́bọ̀. Ìlera ni ọrọ̀, igi tí a kò gé sì wà lára ọrọ̀ náà. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan kò lè dá igbó ṣọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá jókòó ìpàdé ìlú, tí ọ̀rọ̀ títa ilẹ̀ bá sì dìde, kí ẹnì kan nínú yín béèrè pé: bí igbó yìí bá lọ, níbo ni àwọn ọmọ wa yóò ti sinmi, níbo sì ni omi òjò yóò gbà?